ÀYÀ Ń TA MÍ, Ẹ̀RÙ ÀYẸ̀WÒ SÌ Ń BÀ MÍ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń kó ọjà sójú títì. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta tòmátì àti ata, ṣùgbọ́n ata kò tíì ta mí lójú rí tó bí omi kíkan ṣe ta mí láyà. Mo ní kí n sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Bí mo bá rìn láti ìdí tòmátì dé ìdí àlùbọ́sà, ẹni mẹ́rin márùn-ún ni n ó rí tó ń fọwọ́ ra àyà, tó ń gùnfẹ̀, tí á sì ní, "Ọ́sà mi tún ti dìde o."

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Gbogbo wa la mọ bí ayé wa ṣe rí. Ọkọ̀ tòmátì láti Kánò, láti Kàdúná, láti Jọ́ọ̀sì, òru ló ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rí apẹ̀rẹ̀ tó dára rà, aago mẹ́ta òru ló ti gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró. Kò sí oúnjẹ àárọ̀. Obì la ó fi lé oorun lọ, tàbí mínírà tútù. Tó bá di ọ̀sán, oníbàárà kò ní jẹ́ ká ráyè. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀, mẹ́wàá alẹ́ la ó tó délé. Ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá kú. La ó bá ro ẹ̀bà ńlá, ọbẹ̀ tó pupa fòò, ẹran díndín. Bí a bá ti jẹ ẹ́ tán, ó di orí ibùsùn, torí aago mẹ́ta tún ń bọ̀.

Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lóru ọjọ́ kan ní ìparí ọdún 2022, mo ṣàdédé jí. Omi kíkan kún ẹnu mi, ọ̀nà ọ̀fun mi ń jó bí ẹni tó gbé omi ata mì. Ikọ́ dì mí mú. Bàbá àwọn ọmọ tan iná, wọ́n ní, "Kí ló dé?" Mi ò lè fèsì. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò wá kí mi, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé apẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè. Tí mo bá so ìró le, ó ń gòkè.

Bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jà báyìí, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ bí òjò. Ẹnì kan ní kí n máa mu mílíìkì. Ẹnì kan ní kí n máa lá kánún. Ẹnì kan gbé àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ wá fún mi. Ẹlòmíì ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni kí n gún. Ní kẹ́mííìsì, wọ́n ta oògùn funfun tó dà bí ẹfun fún mi, èyí tí à ń mì jìgìjìgì ká tó mu ún. Gbogbo rẹ̀ ni mo lò. Òmíràn rọ̀ mí lọ́rùn fún wákàtí kan, òmíràn tún dá kún un.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nìyí. Mílíìkì máa ń tutù lọ́fun fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí àpòlúkù tún tú omi kíkan mìíràn jáde. Kánún ń pa kíkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti iyọ̀, kò dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mélòó nínú wa ni kò sì ní in? Àgbo ọlọ́tí ńkọ́? Ọtí gan-an ń tú ẹnu àpòlúkù sílẹ̀. Oògùn funfun yẹn dára fún ojú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo ọgbẹ́ sàn.

KÍ LÓ Ń GÒKÈ GAN-AN?

Àpòlúkù wa, níbi tí oúnjẹ ń balẹ̀ sí, ní omi kíkan tirẹ̀ tó ń fi da oúnjẹ. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, àìsàn kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀. Ní ọdún 1822, ìbọn ṣèèṣì ba ọkùnrin kan níkùn ní erékùṣù Mackinac, lápá àríwá Amẹ́ríkà. Alexis St. Martin ni orúkọ rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà kò dí tán, ihò kan ṣẹ́kù tó já sínú àpòlúkù. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, William Beaumont, wá ń so ẹran mọ́ òwú, ó ń tì í gba ojú ihò náà wọlé, á fà á jáde lẹ́yìn wákàtí kan, á wo bó ṣe yọ́ tó. Ó ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ní 1833. Ibẹ̀ ni ayé ti rí i kedere pé omi kíkan kan wà nínú wa tó lè yọ́ ẹran.

Àpòlúkù ní awọ tó lè gba omi yìí mọ́ra. Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀ kò ní irú awọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, iṣan kan wà tó dà bí okùn ẹnu àpò. Tí oúnjẹ bá dé, okùn á tú. Tí oúnjẹ bá wọlé tán, okùn á fún pa. Ẹni tí okùn tirẹ̀ bá ti dẹ̀, omi kíkan á máa padà gòkè. Òun ló ń jó yẹn. Òun náà ló ń fa ikọ́ òru, ohùn híha, àti ẹnu kíkan tí a bá jí láàárọ̀.

Kí ló ń mú okùn yìí dẹ̀? Àjẹyó alẹ́ ká tó sùn. Ọ̀rá àti òróró púpọ̀. Ọtí, sìgá, obì, kọfí. Ara sísan, pàápàá ikùn ńlá. Oyún náà ń fà á, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń lọ tí a bá bímọ tán. Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá ọjà: ìró tí a so le, ọ̀já tí a tún fún lé e, àti àpò owó tí a dì mọ́ ikùn lábẹ́ ìró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ àpòlúkù bí ẹni ń tẹ ọ̀rá omi. Omi gbọ́dọ̀ wá ibi gbà.

Ata ńkọ́? Èmi tí mò ń tà á ni mo bi dókítà. Ó ní ata kì í ṣe òun ló dá àìsàn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ọ̀fun bá ti bó, ata á ta á, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ta ojú egbò. Kí kálukú wo èyí tó bá a lára mu. Inú mi dùn, nítorí mo ti rò pé wọ́n máa ní kí n pa iṣẹ́ tì!

Ẹ jẹ́ ká sì ya ohun méjì sọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo àyà títa ni ọ́sà. Ọ́sà ni ọgbẹ́ tó wà nínú àpòlúkù tàbí níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé ìrònú àti ata ló ń fà á. Ní 1982, dókítà méjì ní Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, rí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú àpòlúkù, Helicobacter pylori. Àwọn èèyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall bu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, ó gbé e mu! Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lẹ́nu. Ní 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ní kòkòrò yìí lára, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀, kò sì yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ọ́sà lára rẹ̀, oògùn wà tó lè lé e lọ.

OÒGÙN ARA RÍRO

Ohun kan wà tí a kì í kà sí, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i. Iṣẹ́ wa, iṣẹ́ agbára ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ń dunni, orúnkún ń dunni, a ó sì ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, àti aspirin, gbogbo wọn ló lè bó awọ inú àpòlúkù, àgàgà tí a bá lò ó léraléra tàbí tí a kò jẹun. Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀, tí Olóògbé Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlátẹ̀, ọmọ Ìkòròdú, dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1918, aspirin ló wà nínú rẹ̀. Oògùn tó ti ran àwọn ìyá wa àgbà lọ́wọ́ ni, n kò bù ú kù rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń ta, kò yẹ kó máa dà á sẹ́nu lójoojúmọ́ láìbéèrè. Èmi ń lo oògùn ẹ̀yìn lójoojúmọ́ fún ọdún méjì kí dókítà tó bi mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń da iná sí ohun tí ọwọ́ òsì mi ń pa.

ÌWÉ TÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ GBÈSÈ

Ìgbà tí àkọ́bí mi obìnrin fi tipátipá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, ọdún 2023 ti dé ìdajì. Dókítà tẹ ikùn mi, ó bi mí léèrè: ṣé oúnjẹ ń há mi lọ́fun? Ṣé mò ń rù? Ṣé mo ń bì? Ṣé ìgbẹ́ mi dúdú? Mo ní ẹran ti há mi lọ́fun lẹ́ẹ̀mejì lóṣù náà. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé kí n lọ ṣe ẹndósíkópì, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń gba ẹnu ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé láti wo ọ̀nà ọ̀fun àti àpòlúkù.

Mo gba ìwé náà, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi í sínú ìwé gbèsè àwọn oníbàárà mi. Oṣù méje ló fi wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìwé láti wo ẹni tó jẹ mí lówó, mo ń rí i. Ó wá dà bí ẹni pé èmi gan-an ni mo jẹ gbèsè.

Kí ló ń bà mí lẹ́rù? Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Èkíní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣe àyẹ̀wò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sì ju oṣù kan ààbọ̀ lọ tó fi kú. Nínú ẹbí wa, ohun tí a ń sọ ni pé "àyẹ̀wò ló pa á." Èkejì, mo rò pé tí wọ́n bá ti nǹkan bọ̀ mí lọ́fun, n kò ní lè mí. Ẹ̀kẹta, owó. Ẹ̀kẹrin, ta ni yóò gba ọkọ̀ tòmátì lọ́jọ́ náà? Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, méjì tó gbẹ̀yìn yẹn, àwáwí ni. Mo ní àjọ lọ́wọ́ alájọ, mo sì ní ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rù lásán ni.

Ẹ̀rù yìí wá di àìsàn kejì. Lóru, n ó máa gbé itọ́ mì láti mọ̀ bóyá ọ̀fun mi ti dí. N ó gbé e mì, n ó tún gbé e mì, títí ọ̀fun á fi gbẹ, tí yóò sì wá dà bí ẹni pé nǹkan há níbẹ̀ lóòótọ́. Àyà mi á máa lù kìkì. Dókítà ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá pé iṣan kan so ọpọlọ mọ́ inú, àti pé tí ọkàn kò bá balẹ̀, omi kíkan kékeré tí ẹlòmíì kò ní mọ̀ lára á dà bí iná lára ẹni tó ń bẹ̀rù. Àyà títa bí ẹ̀rù, ẹ̀rù tún ń bọ́ àyà títa.

Alhája kan tó ń ta àlùbọ́sà, tí wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ló là mí lójú. Wọ́n rí ìwé náà bó ṣe jábọ́ nínú ìwé gbèsè. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n ní, "Ìyá Onítòmátì, tí ọkọ̀ bá dé, ṣé o máa ń ra apẹ̀rẹ̀ láìtú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò?"

Mo ní, "Alhája, àbí orí mi dàrú ni?"

Wọ́n ní, "Tí o bá tú u, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti rà, ṣé títú tí o tú u ló mú un rà?"

Mi ò fèsì.

Wọ́n ní, "Tí o bá tú u ní kùtùkùtù, wàá ṣa èyí tó dára kúrò lára èyí tó bàjẹ́. Tí o bá bo ẹnu rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta nítorí pé ẹ̀rù ń bà ọ́, gbogbo rẹ̀ lo máa dà nù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tí o ń sọ yẹn, oṣù mélòó ló fi ń ṣàìsàn kó tó lọ?"

Mo rò ó. Ọdún kan àtààbọ̀ ni. Ó pẹ́ kó tó lọ ni. Àyẹ̀wò kò pa á. Àìsàn tó ti wà nílé tipẹ́ ni àyẹ̀wò kàn pè lórúkọ.

ỌJỌ́ ÀYẸ̀WÒ

N ó sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, nítorí ohun tí a kò mọ̀ ló ń tóbi lójú ẹni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Wọ́n ti ní kí n má jẹ, kí n má mu, láti òru mọ́jú. Inú àpòlúkù gbọ́dọ̀ ṣófo kí wọ́n tó lè ríran dáadáa. Wọ́n ti béèrè oògùn tí mò ń lò. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú. Èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Mile 12. Ẹnu mi gbẹ, ọwọ́ mi tutù. Ọmọ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Níbẹ̀, wọ́n fún mi ní ìwé láti fọwọ́ sí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà á fún mi. Wọ́n sọ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ dídà tàbí kí ibì kan lu, ṣùgbọ́n pé kò wọ́pọ̀ rárá. Mo dúpẹ́ pé wọ́n sọ òtítọ́. Wọ́n fọ́n oògùn sí mi lọ́fun, ọ̀fun kú tipiri. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n fi nǹkan róbótó sí mi lẹ́nu kí n má bàa gé okùn náà jẹ. Nọ́ọ̀sì kan gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara rọ̀.

Ṣé n kò lè mí? Mo mí o! Ọ̀nà afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà oúnjẹ. Imú ni mo fi ń mí. Mo pọ̀ọ́kì lẹ́ẹ̀mejì, omi dà lójú mi, nọ́ọ̀sì ń sọ pé, "Màmá, ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀." Wọ́n gé bíńtín nínú ara àpòlúkù láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, n kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti ṣe é tán. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Oṣù méje ni mo fi bẹ̀rù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú àyẹ̀wò yìí ló rí nǹkan. Ní 1868, Adolf Kussmaul ní Jámánì lo ọ̀pá irin tí kò ṣe é tẹ̀, ẹni tó sì rí fi ṣe é ni onídán kan tó ń gbé idà mì lójú agbo! Ní 1957 ni Basil Hirschowitz, ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó rọ̀ tó sì ṣe é tẹ̀, ara rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi dán an wò kó tó lò ó fún aláìsàn. Ọdún 1957 yẹn náà ni wọ́n ṣí UCH n'Ìbàdàn. Lónìí, a kò nílò kí á jẹ́ onídán ká tó gbé e mì.

ÈSÌ RẸ̀

Ohun tí wọ́n rí lójú ẹsẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun mi ti bó, ọgbẹ́ kéékèèké wà níbẹ̀, okùn ẹnu àpòlúkù sì ti dẹ̀. Ti ẹran ara tí wọ́n gé, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbọ́, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn le ju àyẹ̀wò náà lọ. Èmi tí mo rò pé mo ti borí ẹ̀rù, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé itọ́ mì lóru.

Kò sí jẹjẹrẹ. Kòkòrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n rí. Wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò méjì pẹ̀lú omeprazole, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko. Wọ́n kìlọ̀ pé kí n má dá a dúró ní agbede méjì bí ara bá yá. Omeprazole tí wọ́n ní kí n máa lò lọ fún ọgbẹ́ ọ̀fun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó jẹun àárọ̀ ni kí n máa lò ó. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tó bá ta mí ni mò ń lò ó, kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe oògùn tí a ń lò lọ títí láìrí dókítà. Ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́.

Mi ò ní tàn yín jẹ, kò tíì lọ pátápátá. Tí mo bá ṣe àṣìṣe lálẹ́, á rán mi létí. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ta mí, mo sáré lọ bá dókítà pé kí wọ́n tún ti kámẹ́rà bọ̀ mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sídìí. Ó ní ẹ̀rù kì í yó àyẹ̀wò. Mo wò ó pé òótọ́ ni. Ẹ̀rù dà bí oníbàárà àwìn: tí o bá fún un lónìí, á tún dé lọ́la.

OHUN TÍ MÒ Ń ṢE BÁYÌÍ

Mò ń jẹun kí n tó kúrò lọ́jà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá délé, ohun fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Mo ń fi wákàtí mẹ́ta sáàárín oúnjẹ àti oorun. Àárọ̀, ẹ̀kọ tàbí bọ́rẹ́dì díẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Obì ti dín kù.

Àpò owó mi ti kúrò níkùn, èjìká ni mo ń gbé e kọ́ báyìí, lábẹ́ bùbá.

Bàbá àwọn ọmọ gbé búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà méjì wá, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì níhà orí. Ìrọ̀rí púpọ̀ kò tó, ọrùn nìkan ló ń tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo sì ń fi sùn. Èyí ló ràn mí lọ́wọ́ jù lọ lóru.

Ní ti ẹ̀rù: kí n tó lọ rí dókítà, ọmọ mi ń bá mi kọ ìbéèrè sílẹ̀. N kì í dá lọ. Mo ń gba ọjọ́ àyẹ̀wò lójú ẹsẹ̀, n kì í gbé ìwé wálé mọ́. Tí àyà bá ń lù mí lóru, mò ń mí sínú díẹ̀díẹ̀, mò ń mí síta pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí á fi rọlẹ̀.

Ní ti owó, iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, ẹ bèèrè kí ẹ tó lọ. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wà nítòsí, Gbàgádà rèé, LASUTH rèé n'Íkẹjà. Ẹ sì bèèrè nípa ètò adójútòfò Ìlera Èkó, ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ kiri ọjà pé àwọn fẹ́ wo ọ́sà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè máa sọ pé kòkòrò wà nígbà tó ti lọ tipẹ́. Ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí ló ń sọ bó ṣe rí lónìí, dókítà á sì ní kí ẹ dá omeprazole dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀.

ÈYÍ TÍ KÌ Í DÚRÓ D'Ọ̀LA

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àyà ń ta ló nílò kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ bá ń háni lọ́fun, tí èèyàn bá ń rù láìdínjẹ, tó bá ń bì léraléra, tó bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà tí kì í ṣe pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, tàbí tí àgbàlagbà tí kò ṣe é rí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó má ṣe jókòó ti kẹ́mííìsì. Tí ó bá sì jẹ́ pé àyà ń fúnni pọ̀, tó ń já sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò ó, tí kò lè mí délẹ̀, ọkàn nìyẹn lè jẹ́ o! Ẹ má pè é ní ọ́sà. Ẹ pe 767 tàbí 112, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ̀ pé lára ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹnì kan ní irú ìwé tèmi yẹn lábẹ́ ibùsùn, tàbí nínú àpò, tàbí nínú ìwé gbèsè. Mi ò bú u. Oṣù méje ni èmi fi tèmi pamọ́. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́: tú apẹ̀rẹ̀ náà wò. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti dá lọ, wá ìdí tòmátì, bèèrè èmi. Màá ti ọjà mi lọ́jọ́ náà, màá sì bá ọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà láti jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ọjà á tà, ara á le o. Àṣẹ.